Má Gba Ẹ̀yìnkùlé Jáde Lọ́dọ̀ Màmá

Ìlárá Rẹ́mọ,
Òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Fúnkẹ́ mi, Àbẹ̀ní mi,

Kí o tó ṣí ìwé yìí ni mo ti mọ ohun tí o máa sọ: "Mọ́mì yìí náà! Kí ló dé tí wọn ò fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù?" Mi ò fi ránṣẹ́. Àbúrò rẹ tó gbé ìwé yìí wá fún ọ ti tú ọ fó. Ó ní tí ohùn mi bá dé, ńṣe lo máa ń jẹ́ kó sáré kó lè tètè parí, tí màá wá máa dún bí ọ̀kẹ́rẹ́. Má bá a jà o, èmi ni mo wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Jókòó, bọ́ bàtà, kà á tán. Tí Tọ́pẹ́ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, gbé e fún bàbá rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ kí ọ kú oríire. Ìròyìn tí o fún mi lórí fóònù lọ́jọ́rú, mo ti gbé e síwájú Ọlọ́run, mo sì ti jó sí i nínú yàrá, èmi nìkan, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí. Olùkọ́ àgbà! Ní ilé-ìwé ńlá tuntun yẹn lẹ́bàá oríta márosẹ̀ Ṣágámù! Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn bó obì! Orí mi wú, ọmọ mi. Bí bàbá rẹ bá wà láyé, gbogbo Ìlárá ni ì bá ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí o sọ èyí tó dùn tán, o wá sọ ìyókù. O ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀. O ní àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tí o ń kọ́ nílé-ìwé Màmá, ọ̀gá rẹ, ní Òde Rẹ́mọ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó ṣe ìdánwò tí wọ́n á fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kàn ọ́ mọ́. O ní ilé-ìwé tuntun sọ pé kí o kó nọ́ńbà fóònù àwọn òbí wá, kí ẹ lè fa àwọn ọmọ náà tẹ̀lé ọ, o sì ti ń kó o jọ. Mo wá bi ọ́ pé kí ni Màmá wí sí i. O rẹ́rìn-ín. O ní, "Mọ́mì, mi ò tíì sọ fún wọn o. Tí mo bá ti débẹ̀ tán, màá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn."

Àtẹ̀jíṣẹ́! Sí Màmá! Nígbà tí o parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo ilé-ìwé ń lé ọ pé o ò ní ìrírí, ta ló ní kí o wọlé kí o jókòó? Nígbà tí o bímọ, tí o ò rí ẹni bá ọ gbé e, ẹ̀yìn ta ni Tọ́pẹ́ ń sùn sí nínú ọ́fíìsì kí ìwọ lè ráyè kọ́ni? Obìnrin tí kò bímọ rí, tó wá ń pọn ọmọ ọmọ mi.

Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo sì gé fóònù. Irọ́ ni mo pa, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ẹkún ló ń gbọ̀n mí.

Jẹ́ kí a gbọ́ ara wa yé o. Mi ò ní kí o má lọ. Iṣẹ́ náà tọ́ sí ọ, ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tọ́ sí ọ. Bí o ṣe fẹ́ jáde ni mò ń sọ. Kí o lè mọ̀ pé mi ò kàn ń wàásù fún ọ, màá sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá rẹ pàápàá kú láìgbọ́ ọ.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọ̀dọ̀ Ìyá Olóbì ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ obì níbí. O ò bá wọn láyé. Obìnrin gíga, dúdú, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obì gbàǹja tó bá ti ọwọ́ wọn jáde, bó bá pé oṣù mẹ́fà ní Òkè Ọya, ńṣe lara rẹ̀ á ṣì máa dán. Àwọn Àlàájì tó ń ra obì ní Sábó Ṣágámù kì í tú apẹ̀rẹ̀ wọn wò. Wọ́n á kàn béèrè pé, "Ta ló dì í?" Tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ Ìyá, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀.

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n díẹ̀. O mọ̀ pé tí a bá rẹ obì, tí a bó awọ funfun ara rẹ̀, tí a fọ̀ ọ́ mọ́, a kì í kàn dì í. A ó tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀ kó làágùn. Ọjọ́ méje ni Ìyá máa ń fún un. Lójoojúmọ́ la ó máa yí i, tí a ó máa ṣa èyí tí kòkòrò ti lu kúrò. Ìgbà tó bá làágùn tán, tí ara rẹ̀ gbẹ, la tó ń fi ewé bò ó tí a ó so ó. Ẹni tó bá bò ó ṣáájú ti sé ooru mọ́ ọn nínú nìyẹn. Á máa jẹrà nísàlẹ̀, ewé á sì tutù minimini lókè, ojú ò ní rí nǹkan kan.

Lọ́dún náà, ẹ̀gbọ́n Ìyá dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n sì ní láti lọ tọ́jú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ méjìlá ló wà nílẹ̀, ọjọ́ kejì tí obì inú wọn ń làágùn nìyẹn. Wọ́n pè mí. "Ọma mi," bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe máa ń pe ọmọ nìyẹn, "mo fi ilé sílẹ̀ fún ọ. Ó di ọjọ́ keje kí o tó bò ó. Dírẹ́bà á wá kó o lọ́jọ́ kẹjọ. Má kánjú."

Ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ ni obìnrin kan tọ̀ mí wá láti Ṣágámù. Ó ní òun ti ń ṣọ́ mi, ọwọ́ mi yá níṣẹ́. Kí n wá máa bá òun ta obì ní Sábó, kí èmi náà ní ìsọ̀ tèmi. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀la ni o, torí àwọn mìíràn ń bẹ òun. Mo ní Ìyá ò sí nílé. Ó yọ ṣùtì. Ó ní, "Ìwọ náà! Tí o bá dúró dè wọ́n, ṣé wọ́n á jẹ́ kí o lọ ni?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo fi ewé bo gbogbo apẹ̀rẹ̀ méjèèjìlá, mo so wọ́n dáadáa, mo tún gbálẹ̀ ilé! Ọjọ́ kẹrin péré tí obì ń làágùn ni. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ará ilé kejì, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kí ará àdúgbò má baà rí ẹrù lórí mi. Ó di Ṣágámù.

Dírẹ́bà dé lọ́jọ́ kẹjọ, ó bá apẹ̀rẹ̀ ní dídì, ó kó wọn lọ. Nígbà tí Àlàájì tó ni wọ́n tú wọn ní Òkè Ọya, kò sí ẹyọ kan tó ṣeé fẹnu kàn.

Gbogbo Sábó ló gbọ́. Mo ń retí kí wọ́n dárúkọ mi. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ mi. Mo wá ń sọ fún ara mi pé orí ló yọ mí. Ẹ wo òmùgọ̀! Obìnrin tó wá fà mí lọ ńkọ́? Kò pé ọdún kan tó fi rí ẹlòmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù tèmi lọ, ló bá gba ìsọ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò tiẹ̀ lẹ́nu láti bínú. Ẹni tó ní kí n da ẹlòmíràn nítorí òun, kí ló fẹ́ ṣe é tí kò ní da èmi náà?

Mo tiraka, mo rí ìsọ̀ kékeré kan gbà lẹ́yìn ọjà. Kò pẹ́ ni Àlàájì yẹn, ẹni tí obì rẹ̀ jẹrà gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í rà lọ́wọ́ mi. Òun ló di oníbàárà mi tó ga jù. Nígbà tó tó ọdún mọ́kànlá tí obì yẹn ti bàjẹ́, ó fẹ́ padà sílùú rẹ̀ lọ sinmi, ó wá dágbére. Mo bi í pé, "Àlàájì, nínú gbogbo àwa tó ń tà níbí, kí ló gbé yín dé ọ̀dọ̀ èmi kékeré?"

Ẹnu yà á. Ó ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ìyá yín ní Ìlárá ni. Nígbà tí obì bàjẹ́ yẹn, mo lọ bá wọn, mo ní ta ló dì í? Wọ́n ní àwọn ni. Wọ́n ní ojú àwọn ti ń ṣú, àwọn ṣi ọjọ́ kà. Wọ́n wá ní tí ẹ bá ti ní ìsọ̀ tiyín, kí n máa rà lọ́wọ́ yín, pé àwọn ló kọ́ yín níṣẹ́, ọwọ́ yín sì mọ́."

Fúnkẹ́, ojú Ìyá ò ṣú o. Ojú tó ń rí ihò kòkòrò lára obì láti ẹnu ọ̀nà!

Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti ru ẹ̀ṣẹ̀ mi yẹn, ńṣe ni oníbàárà wọn ń dín kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọwọ́ wọn fi dilẹ̀. Mo mọ̀. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi ní àǹfààní láti wọkọ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, mi ò lọ. Ojú ń tì mí, mo sì pe ìtìjú yẹn ní "mi ò ráyè." Nígbà tí Àlàájì sọ̀rọ̀ yẹn fún mi, Ìyá ti kú láti ọdún mẹ́ta. Mo wà níbi ìsìnkú wọn o. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, mo sì tètè dìde.

Ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀ nìyí, kí o gbà á lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́, torí èmi ò rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìkíní, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á gba òmìnira lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ síwájú Màmá, kúnlẹ̀, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé, "Màmá, mo ríṣẹ́, mo fẹ́ lọ, ẹ gbàdúrà fún mi." Tí wọ́n bá bínú, kí wọ́n bínú. Ìbínú àgbà tó ṣojú rẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí èmi ti gbé lọ́kàn láti ìgbà yẹn.

Ìkejì, parí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà yẹn, ọjọ́ kẹrin lo ti fẹ́ fi ewé bò wọ́n yìí. Ta ló máa wá kọ́ wọn ní ìṣirò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Pe àwọn ọ̀gá rẹ tuntun, sọ fún wọn pé o máa wá tí ìdánwò bá parí. Mo mọ̀ pé wọ́n lè sọ pé àwọn ò lè dúró, mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà lè bọ́. Má rò pé mi ò rò ó. Mo ti rò ó títí, ó sì dùn mí dé egungun, torí mo mọ bí o ṣe wá a. Síbẹ̀ ohun tí mo sọ náà ni.

Ìkẹta, nọ́ńbà àwọn òbí. Pa á rẹ́. Èyí ò gba àlàyé. Mi ò bí olè.

Ó dáa, mo ti pariwo tó. Jẹ́ kí n mu omi.

Ìkẹrin, àbí ìkarùn-ún ni, mi ò kà á mọ́, kan sùúrù. Nígbà tí oyún rẹ wà nínú mi ni bàbá rẹ gbin obì sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Likosi, ìlà mẹ́ta. Ọdún kẹrin pé, kò so. Ọdún karùn-ún pé, kò so. Inú bí mi. Mo ní ẹ̀gẹ́ ló máa bọ́ wa, kì í ṣe igi tí à ń wò lójú. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ rìnrìn àjò, mo gbé àdá, mo bẹ́ ìlà méjì lulẹ̀, mo sì gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. O mọ̀ pé mo lè bínú, o sì mọ ibi tí o ti rí tìrẹ. Nígbà tó dé, ó dúró, ó wo ilẹ̀ náà títí. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó kàn ní, "Ìyá Fúnkẹ́, o ṣeun tí o fi ìlà kan sílẹ̀." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi kú.

Ìlà kan yẹn so lọ́dún kẹjọ. Ẹ̀gẹ́ mi, a ti jẹ ẹ́ tán tipẹ́. Igi bàbá rẹ ṣì ń so, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣa lábẹ́ rẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, níbikíbi tí o bá ti di olùkọ́ àgbà, ọdún àkọ́kọ́ lè má so, ìkejì lè má so. Àwọn olùkọ́ á máa wò ọ́ bí àjèjì, àwọn òbí á máa wá pariwo. Má gbé àdá.

Má bú olùkọ́ lójú ọmọ. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé-ìwé, mọ orúkọ rẹ̀, kí o sì máa fi kí i. Jẹun láàárọ̀, o ti ń rù.

O bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ, mo sì ní ilé yìí àti ilẹ̀ Likosi. Mo ti rò ó dáadáa báyìí. Ilé àti ilẹ̀, ẹlòmíràn lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ohun tí Ìyá Olóbì fi sílẹ̀ fún mi, mi ò lè fọwọ́ mú un. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ nípa mi lẹ́yìn mi ni. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló bọ́ ọ, tó rán ọ nílé-ìwé. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o ní lẹ́nu àwọn èèyàn, kí Tọ́pẹ́ náà sì bá a níbẹ̀.

Mo fẹ́ fọwọ́ síwèé níbí, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ohun tó mú mi kọ ọ́ gan-an.

Màmá wá síbí lọ́jọ́bọ. Láti Òde Rẹ́mọ, lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn! Nígbà tí mo rí wọn tí wọ́n ń gbọn eruku kúrò lára ìró, mo jáde lọ pàdé wọn. Mo rò pé ìjà ni wọ́n bá dé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Wọ́n fà mí dìde. Wọ́n ní, "Ìyá Fúnkẹ́, kí lẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ìbínú kọ́ ni mo bá wá."

Wọ́n ti mọ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Òbí kan ló lọ sọ fún wọn pé o gba nọ́ńbà òun, o sì ní kí òun má sọ. Gbogbo àárọ̀ tí o ń kí wọn lẹ́nu géètì, tí wọ́n ń dá ọ lóhùn, tí wọ́n ń béèrè Tọ́pẹ́, wọ́n ti mọ̀.

Wọ́n yọ ìwé kan láti inú báàgì. Wọ́n ní, "Ilé-ìwé tuntun yẹn á béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi. Ìtìjú ò ní jẹ́ kó lè wá gbà á. Ẹ bá mi fún un. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ wá tọrọ ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀, Ìyá Fúnkẹ́, kó má lọ máa tijú mi."

Mo ka ìwé náà. Ohun rere tó wà nínú rẹ̀ nípa rẹ, èmi tí mo bí ọ ò lè kọ irú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ńkọ́?" Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn á kọ́ wọn. Pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, Fúnkẹ́, ọwọ́ tí kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú mọ́.

Mo ṣèlérí fún wọn pé mi ò ní sọ, mo sì ti sọ. Tí wọ́n bá bínú sí mi, màá bẹ̀ wọ́n.

Ìwé ẹ̀rí náà wà pẹ̀lú ìwé tèmi yìí, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kò sí ohun tó dí ọ lọ́wọ́ mọ́. O lè mú un, kí o máa lọ sí Ṣágámù, ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́. Èmi náà ò ní bi ọ́, ọmọ mi lo ṣì máa jẹ́, màá sì máa gbàdúrà fún ọ bí mo ṣe ń ṣe.

Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi máa fi mọ ohun tí Ìyá Olóbì ṣe fún mi, ẹ̀bá sàréè ni mo lọ kúnlẹ̀ sí, mo sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Màmá tìrẹ wà láàyè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí agogo méje tó lù, wọ́n á ti wà lẹ́nu géètì, àwọn nìkan. Lọ bá wọn, Àbẹ̀ní mi. Tètè lọ.

Èmi ni,
Mọ́mì rẹ.